Bíbọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ tó dúró: ìbéèrè àti ìdáhùn fún awakọ̀ àti èrò ní Èkìtì

Mo ti dáhùn àwọn ìbéèrè yìí títí ẹnu fẹ́ẹ̀ bó. Mo kó wọn jọ síbí, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó díjú.

Ọkọ̀ ti dúró, a ti pa á. Ewu wo ló tún kù?

Ọkọ̀ tiyín ló dúró, ti ẹlòmíràn ń lọ. Ilẹ̀kùn tí ẹ ṣí lójijì sójú títì ti di ògiri níbi tí kò sí ògiri tẹ́lẹ̀. Ọlọ́kadà tó ń sá kìlómítà 40 ní wákàtí kan ń gba mítà 11 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, èyí tó ju gígùn ọkọ̀ méjì lọ. Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bírékì, ó ti dé ara ilẹ̀kùn.

Ẹni tó wà lórí ọ̀kadà kò ní páànù kankan tó bò ó. Àyà rẹ̀, ọrùn rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń gba etí ilẹ̀kùn. Bí ó bá sì yà fún ilẹ̀kùn, àfàìmọ̀ kó má yà sábẹ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Èmi náà ti fi ilẹ̀kùn gbá ọ̀kan rí ní Ìjìgbò. Ó ti pẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sáré, ẹyin tó dì sẹ́yìn nìkan ló fọ́. Mo san owó ẹyin náà láìjiyàn, àmọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń fọwọ́ pa igbá àyà rẹ̀ ni mi ò gbàgbé.

Ilẹ̀kùn wo ló dáa jù láti gbà jáde?

Èyí tó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ títì. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún là ń páàkì sí, nítorí náà ilẹ̀kùn ọ̀tún ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ti òsì ló wà lójú ọkọ̀. Kí gbogbo èrò ẹ̀yìn sún sí ọ̀tún, kí wọ́n sì bọ́ọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wà lápá òsì á ráhùn pé òun kò lè máa wọ́ ìdí kọjá gbogbo ìjókòó. Ẹ jẹ́ kó ráhùn.

Dírẹ́bà nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, torí pé ojú títì ni ilẹ̀kùn tirẹ̀ ń ṣí sí. Bí ẹ bá sì páàkì sọ́wọ́ òsì títì, bí àpẹẹrẹ lójú ọ̀nà tí gbogbo ọkọ̀ ń gba ibì kan náà lọ, gbogbo rẹ̀ yí padà nìyẹn.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kò ní ewu rárá nígbà náà?

Ó ní. Ọlọ́kadà wa kò mọ ọ̀tún, kò mọ òsì. Bí ọkọ̀ bá ti tò lójú títì, àárín ọkọ̀ àti gọ́tà ló máa gbà kọjá, pàápàá lọ́jọ́ ọjà. Ẹni tó jókòó ní iwájú lápá ọ̀tún á rò pé ẹ̀gbẹ́ òun ti mọ́, á ta ilẹ̀kùn síta gbàgà, á sì gbá ẹni tí kò retí.

Ìgbà tí eléyìí máa ń ṣẹlẹ̀ jù ni ìgbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà, tí èrò kan bá sọ pé, "Ẹ jẹ́ n bọ́ọ́lẹ̀ níbí, ilé mi ti dé." Ọkọ̀ ò tíì páàkì, ó kàn dúró láàárín títì ni. Dírẹ́bà tó bá gbà fún un ti ṣe àṣìṣe, kódà bí èrò náà bá jẹ́ àna rẹ̀.

Ọwọ́ wo ni kí n fi ṣí ilẹ̀kùn?

Ọwọ́ tó jìnnà sí ilẹ̀kùn. Dírẹ́bà wa jókòó lápá òsì, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà lápá òsì, nítorí náà kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún ṣí i. Ẹ dán an wò níbi tí ẹ jókòó sí. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá ti ń kọjá àyà lọ sí òsì, èjìká á yí, ọrùn á tẹ̀lé e, ojú á sì bọ́ sórí dígí àti sójú títì lẹ́yìn. Ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni tirẹ̀.

Àwọn Òyìnbó fi orúkọ àwọn ará Netherlands pe ọgbọ́n yìí, torí pé ìlú oníkẹ̀kẹ́ ni tiwọn. Ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà fi í sínú ìwé ẹ̀kọ́ awakọ̀ wọn ní 2017. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé kò dúró dìgbà tí èèyàn bá rántí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ oníyán kí ọkọ̀ tó dúró, ara rẹ̀ á ṣì yí síbi tó yẹ.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wò, ẹ má ta ilẹ̀kùn síta. Ẹ ṣí i ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ẹ tún wo ẹ̀yìn láti àlàfo yẹn, kí ẹ tó ṣí i tán. Bí ẹ bá ti bọ́ọ́lẹ̀, ẹ pa á dé kíá. Mo máa ń rí àwọn tó ń fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu sójú títì kí wọ́n lè máa wá bàtà wọn lábẹ́ ìjókòó.

Ṣé dígí nìkan kò tó láti wo ẹ̀yìn?

Kò tó. Ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí dígí kì í mú, ó sì fẹ̀ tó láti gbé ọ̀kadà kan pa mọ́. Dígí apá ọ̀tún ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ sì yọ ikùn díẹ̀, ó ń mú kí ohun tó wà nítòsí dà bí ẹni pé ó jìnnà. Ẹ fi òjò kún un, ẹ fi àìtan iná ọlọ́kadà lálẹ́ kún un. Ẹ wo dígí, kí ẹ sì yí ọrùn.

Kí ni kí awakọ̀ ṣe kó tó kúrò lórí ìjókòó?

Bí a ṣe ń to iṣẹ́ náà ló ṣe pàtàkì. Ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ kúrò lórí bírékì. Ẹ fa bírékì ọwọ́ sókè ná, kí ẹ tó ti ọkọ̀ ọtomátíìkì bọ P (ibi ìdúró). Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ oníjíà, ẹ fi í sí jíà kìíní, tàbí jíà ẹ̀yìn bí ó bá dojú kọ ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pa á, kí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ wá rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bírékì láti mọ̀ bóyá yóò yí. Bẹ́líìtì ló kẹ́yìn.

Ìdí tí bírékì ọwọ́ fi ṣáájú P ni pé, bí ẹ bá ti P kọ́kọ́, irin kékeré kan nínú jíà ni gbogbo ẹrù ọkọ̀ máa sinmi lé. Ibi tí ilẹ̀ bá ti dagun, ẹ ó gbọ́ bí ó ṣe máa ń dún "gbà" lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́.

Àwọn ọkọ̀ tuntun tí à ń fi bọ́tìnnì tan tún mú wàhálà mìíràn wá. Wọn kì í pariwo, kọ́kọ́rọ́ wọn sì lè wà nínú àpò yín kí ọkọ̀ náà ṣì wà láàyè. Ẹ wo àwọn iná kéékèèké tó wà lẹ́yìn sítíárì kí ẹ tó jáde.

Mo kàn fẹ́ sáré ṣí géètì ni. Ṣé dandan ni kí n pa ọkọ̀?

Dandan ni kí ẹ fa bírékì ọwọ́, kí ẹ sì ti í bọ P. Nínú gbogbo ìbéèrè tó wà níbí, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ ilé wa ló wà lórí òkè tàbí ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Wọ́n ní láti ara òkìtì ni orúkọ Èkìtì fúnra rẹ̀ ti wá. Ẹni tó fi ọkọ̀ sí fírì láìfa bírékì ọwọ́, tó wá lọ dúró láàárín ọkọ̀ àti géètì, ti fi ara rẹ̀ há.

Ọkọ̀ ọtomátíìkì tó wà ní D (jíà ìlọsíwájú) máa ń rá lọ fúnra rẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá ti kúrò lórí bírékì. Èyí tó wà ní R (jíà ẹ̀yìn) burú jù, torí pé ilẹ̀kùn tí ẹ ṣí sílẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbá yín ṣubú bí ọkọ̀ ṣe ń padà sẹ́yìn, táyà iwájú á sì tẹ̀lé e.

Ní 2016, òṣèré fíìmù kan, Anton Yelchin, ọmọ ọdún 27, bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀ nílé rẹ̀ ní Los Angeles. Ọkọ̀ náà yí padà láti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó fún un mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà, ó sì kú. Òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá ti ń yí lọ, ẹ má sáré lọ dì í mú, ẹ má sì gbìyànjú láti fò wọlé. Kò sí ọwọ́ èèyàn tó lè dá ohun tó wọ̀n ju tọ́ọ̀nù kan lọ dúró. Ẹ pariwo kí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ yà. Páànù ṣeé tún ṣe.

Bí mo bá páàkì sórí òkè, ibo ni kí táyà kọjú sí?

Bí iwájú ọkọ̀ bá kọ sí ìsàlẹ̀, ẹ yí táyà iwájú sí ọ̀tún, síbi etí títì. Bí ó bá kọ sókè tí etí títì sì ní kọ́ọ̀bù (kọnkéré etí títì) tó ga, ẹ yí i sí òsì, kí ẹ̀yìn táyà lè fara ti kọ́ọ̀bù bó bá fẹ́ yọ̀ padà. Níbi tí kò sí kọ́ọ̀bù, ọ̀tún náà ni, kí ọkọ̀ lè yà sínú igbó dípò kó padà sáàárín títì.

Òkúta ńlá méjì nínú bùútù kò ti ojú ẹnikẹ́ni. Àwọn awakọ̀ akérò tó ń gun òkè Èfọ̀n Aláayè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe tí wọ́n fi ń gbé igi tàbí òkúta há táyà kí èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Ẹ ṣáà rántí gbé e kúrò nílẹ̀ bí ẹ bá ń lọ, torí òkúta tí ẹ fi sílẹ̀ ti di ewu fún ẹlòmíràn.

Gọ́tà ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ ní kí a má gba òsì, ṣé inú gọ́tà ni kí a bọ́ sí?

Rárá o, awakọ̀ ló yẹ kó ronú ìyẹn ṣáájú. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọkọ̀ sún mọ́ gọ́tà pẹ́kípẹ́kí, ẹ jẹ́ kí èrò kọ́kọ́ bọ́ọ́lẹ̀ níbi tí ilẹ̀ wà, kí ẹ tó sún ún wọlé. Bí kò bá sí irú ibẹ̀, ẹ fi àyè tí ẹsẹ̀ méjì lè dúró sí sílẹ̀ láàárín ilẹ̀kùn àti gọ́tà.

Ní Adó-Èkìtì, àwọn gọ́tà kan jìn tó láti gbé àgbàlagbà mì dé ìbàdí, òmíràn kò sì ní ìdérí. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé pákó tí wọ́n tẹ́ lé e níwájú ṣọ́ọ̀bù. Òjò ọdún méjì ti jẹ ẹ́ nínú, òkè rẹ̀ nìkan ló kù. Lálẹ́, ẹ tan iná fóònù sílẹ̀ kí ẹ tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Lásìkò òjò, tí omi bá ti bo títì àti gọ́tà pọ̀ tí ẹ ò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí, ẹ wá ibòmíràn páàkì.

Báwo ni kí a ṣe mú àwọn ọmọdé bọ́ọ́lẹ̀?

Àgbàlagbà ni kó kọ́kọ́ bọ́ọ́lẹ̀, kó yí lọ sápá ọ̀tún, kó wá ṣí ilẹ̀kùn fún wọn láti ìta. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tí ẹ kì í rí àyàfi tí ẹ bá ṣí i, bọ́tìnnì kékeré kan wà tí í mú kí ilẹ̀kùn náà má ṣeé ṣí láti inú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lápá òsì, kí ó wà bẹ́ẹ̀ títí ọmọ á fi dàgbà.

Bí ọmọ bá ti fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ẹ ní kó fi àtẹ́lẹwọ́ lẹ ara ọkọ̀, kó má sì yọ ọ́ títí ẹ ó fi di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ kò lè sá kọjá títì lọ bá oníyínyín. Àwọn ọmọ ilé ìwé tí à ń gbé lọ láàárọ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn le jù: àpò ti wà lẹ́yìn, wọ́n ti rí ọ̀rẹ́ wọn lódìkejì títì, agogo sì ti ń lù.

Ìyá tó fẹ́ pọnmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é lápá òsì. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ síwájú láti gbé ọmọ sẹ́yìn, tí ẹ ń wá etí ọ̀já, orí yín àti ìdí yín ti wà lójú títì, ẹ ò sì rí nǹkan kan àfi ilẹ̀.

Ọmọ ti sùn. Ṣé mo lè fi í sínú ọkọ̀ kí n yára ra nǹkan?

Ẹ má ṣe é. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú oòrùn, ooru inú ọkọ̀ tí a tì lè fi bíi 10°C ju ti ìta lọ. Bí ìta bá jẹ́ 32°C, inú ọkọ̀ ti lé ní 40°C kí obìnrin tó ń ta tòmátì tó fún yín ní ṣéńjì. Ara ọmọdé sì máa ń gbóná kánkán ju ti àgbà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún. Dígí tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́ tó bí ẹ ṣe rò.

Ẹ tún máa ti ọkọ̀ tó wà nínú ọgbà, torí àwọn ọmọ máa ń wọlé sínú rẹ̀ láti ṣeré dírẹ́bà, wọn kì í sì í mọ bí wọ́n ṣe máa jáde. Ẹ kọ́ wọn pé kí wọ́n tẹ fèrè ọkọ̀. Fèrè ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń dún láìsí kọ́kọ́rọ́. Ọmọ náà á ti fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yìí jù, ẹ ó kábàámọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Orúnkún ìyá wa ń dùn wọ́n. Báwo ni kí wọ́n ṣe sọ̀?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a fà wọ́n lọ́wọ́. Èjìká àgbà kì í ṣe okùn ìfami. Ẹ ti ìjókòó sẹ́yìn dáadáa ná. Ẹ ní kí màmá yí ìdí sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹsẹ̀ méjèèjì jáde pọ̀, kí wọ́n sì tẹlẹ̀ dáadáa. Kí wọ́n sún síwájú títí dé etí ìjókòó, kí wọ́n tẹ orí síwájú, kí wọ́n wá fi ọwọ́ ti ara wọn dìde. Ẹ̀yin ẹ dúró síwájú wọn, kí ẹ gbá wọn mú níbàdí bó bá yẹ.

Ohun tí wọ́n máa dì mú ni ara ọkọ̀ tàbí ẹ̀yìn ìjókòó, kì í ṣe ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn máa ń yí, lórí òkè ó máa ń padà wá gbáni. Bí yíyí ìdí bá le fún wọn, ẹ tẹ́ ọ̀rá ńlá sórí ìjókòó kí wọ́n tó jókòó. Á máa yọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ yọ ọ̀rá náà bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ lọ, nítorí ara tó ń yọ̀ kì í dúró sínú bẹ́líìtì.

Ẹ fún wọn láyè. Ìsáré ọmọ ló ń gbé màmá ṣubú.

Aṣọ òde ń kọ́ mi lẹ́sẹ̀ bí mo bá ń sọ̀.

Agbádá ni kí ẹ kọ́kọ́ ká sórí itan kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn, torí etí rẹ̀ máa ń há sínú bẹ́líìtì tàbí kó há bí ilẹ̀kùn ṣe ń padà dé. Ìró tó fún pinpin kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ là, nítorí náà kí ẹsẹ̀ méjèèjì jáde pọ̀ bí ti màmá òkè yìí.

Gèlè ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Gèlè ńlá ń dí ojú ẹ̀gbẹ́, ó ń lu òrùlé ọkọ̀ bí ẹ bá yí ọrùn, obìnrin á sì pinnu pé òun kò ní wo ẹ̀yìn kí gèlè má bà á yẹ̀. Ẹni tó jókòó tì yín ni kó wò ó fún yín.

Taksí tí mo wọ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí láti inú.

Ẹ má yọ ọwọ́ àti orí láti ojú fèrèsé lọ wá ìdìmú òde. Bí ẹ bá yọ orí síta báyìí, ọkọ̀ tó ń kọjá kò mọ̀ pé orí wà níbẹ̀. Ẹ ní kí dírẹ́bà bọ́ọ́lẹ̀ wá ṣí i, tàbí kí ẹ gba ilẹ̀kùn ọ̀tún iwájú. Bí ẹ bá fẹ́ wọ taksí lọ́jọ́ mìíràn, ẹ bi í kí ẹ tó jókòó: "Ṣé ilẹ̀kùn yìí ń ṣí?" Ìbéèrè náà kì í ṣe èébú.

Lásìkò ọyẹ́, bí mo bá fọwọ́ kan ọkọ̀ lẹ́yìn tí mo sọ̀, iná máa ń ta mí. Kí ló fà á?

Kì í ṣe iṣẹ́ ayé, kì í sì í ṣe bátìrì. Aṣọ yín tó ń ra mọ́ ìjókòó bí ẹ ṣe ń jáde ló ń kó iná kékeré jọ sára yín. Lásìkò òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ́ kó rọra lọ, ọyẹ́ kò ní ọ̀rinrin. Ẹ di irin ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ mú kí ìdí yín tó kúrò lórí ìjókòó, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀ títí ẹsẹ̀ yín á fi kanlẹ̀. Kò ní ta yín mọ́.

Nílé epo nìkan ló lè di ewu. Ẹ fọwọ́ kan irin ara ọkọ̀ tó jìnnà sẹ́nu táǹkì kí ẹ tó súnmọ́ ibi tí wọ́n ti ń rọ epo.

Ọkọ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́. Ṣé kí a jókòó sínú rẹ̀?

Ẹ má jókòó sínú rẹ̀. Ẹ yà á kúrò lójú títì bó bá ti lè ṣeé ṣe tó, ẹ tan iná tó ń ṣẹ́jú lọ́tùn-ún lósì, kí gbogbo èrò sì gba ọ̀tún sọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí ẹ lọ dúró lókè níbi tí ọkọ̀ kò lè yà dé. Àwọn tó máa ń dúró sẹ́yìn bùútù tí wọ́n ń bá mẹkáníìkì jiyàn ni ọkọ̀ máa ń fún mọ́ ọkọ̀.

Ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn ọkọ̀, ó kéré tán mítà 45. Bí ẹ bá wà ní kọ́nà, ẹ gbé e síwájú kọ́nà náà kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí i kó tó yí. Bí ẹ bá ń rìn lọ gbé e, ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ sì gbé àmì náà síwájú àyà. Ewé tútù tí à ń já sẹ́yìn ọkọ̀ kò burú lọ́sàn-án, àmọ́ lálẹ́ ewé kì í tàn.

Nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122.

Mo délé lóru. Kí ni kí n ṣọ́ra fún kí n tó sọ̀?

Ẹ má ṣí ilẹ̀kùn títí ẹ ó fi wo iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹ pe ará ilé kó wá ṣí géètì láti inú. Bí ẹ bá rí ẹni tí kò yé yín, ẹ kọjá, ẹ yí ìgboro ká, kí ẹ tún padà wá. Bí ẹ bá sì fi rìmóòtù ti ọkọ̀ nígboro, ẹ fọwọ́ fa ilẹ̀kùn wò. Àwọn olè kan máa ń lo ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí rìmóòtù dé ara ọkọ̀.

Ọmọ mi ti lọ sí Ìlú Ọba. Ṣé ọwọ́ kan náà ni kó máa lò?

Òdìkejì ni. Apá òsì ni wọ́n ń wakọ̀ níbẹ̀, dírẹ́bà sì jókòó lápá ọ̀tún, nítorí náà ọwọ́ òsì ni dírẹ́bà fi ń ṣí ilẹ̀kùn. Láti oṣù kìíní ọdún 2022 ni ìwé òfin ojú pópó wọn ti ń sọ fún awakọ̀ láti lo ọwọ́ tó jìnnà sí ilẹ̀kùn. Kí ó má fi ṣeré: ẹ̀ṣẹ̀ ni níbẹ̀ láti ṣí ilẹ̀kùn lọ́nà tó lè ṣe ẹlòmíràn léṣe, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó £1,000. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ wọn kì í pariwo, wọn kì í fun fèrè, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wà á.

Ilẹ̀kùn mi gbá ọlọ́kadà. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ má sá, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn lórí ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ ní kí ẹnìkan dúró sẹ́yìn láti dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ dúró. Bí ọlọ́kadà náà bá sọ pé ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dun òun, tàbí tí kò lè sọ̀rọ̀, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ ìgboro gbé e ní apá àti ẹsẹ̀ jù sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Wọn á fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, àánú ló ń ṣe wọ́n. Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà, ẹ má fa akoto orí rẹ̀ yọ bó bá ń mí dáadáa, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń tú, kí ẹ pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, tàbí 122.

Kódà bó bá dìde tó ní kò sí nǹkan, ẹ mú un lọ síbi tí wọ́n máa ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀jẹ̀ inú kì í hàn lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ẹni tó jẹ̀bi, ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń sọ pé ọlọ́kadà ló sáré. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Àmọ́ ẹni tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ ń lọ, ẹ̀yin lẹ gbé nǹkan síwájú rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé èrò ló ṣí i, awakọ̀ tí kò sọ fún èrò pé kó dúró náà pín nínú rẹ̀ lójú tèmi.

Ìjì jà, wáyà iná já lu ọkọ̀ tí a wà nínú rẹ̀. Ṣé kí a tètè jáde?

Níbí, jíjókòó sínú ọkọ̀ dáa ju jíjáde lọ. Ẹ má jáde. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò bá fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ kí ọwọ́ sì kan irin ọkọ̀, iná náà á máa gba ara páànù kọjá lọ sílẹ̀. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, tí èkejì ṣì wà nínú ọkọ̀, ti so ọkọ̀ pọ̀ mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹ pe àwọn tó wà níta pé kí wọ́n má súnmọ́ yín ní mítà 10, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan ọkọ̀, kódà bí wọ́n bá sọ pé NEPA ti mú iná. Wọ́n lè dá a padà nígbàkigbà. Ẹ dúró títí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ iná mànàmáná á fi dé tí wọ́n á sì sọ pé wọ́n ti pa á.

Bí ọkọ̀ bá gbiná tí kò sí ọ̀nà míì, ẹ ṣí ilẹ̀kùn tán, ẹ pa ọwọ́ mọ́ àyà, ẹ fò jáde kí ẹsẹ̀ méjèèjì lè kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí apá kankan lára yín má sì kan ọkọ̀ mọ́. Ẹ má sáré. Iná inú ilẹ̀ kì í dọ́gba láti ibì kan sí ìkejì, bí ẹsẹ̀ bá sì là, á gba ẹsẹ̀ kan wọlé, á gba èkejì jáde. Ẹ so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ẹ máa wọ́ wọn nílẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi jìnnà tó mítà 10, láìyí padà wá mú fóònù.